Ìrìn Ọ̀ranyàn, Ìrìn Ìgbafẹ́

Àwa tí a ti Kétu, Pọ́bẹ̀, Ṣábẹ àti Àjàṣẹ́ wá kàwé ní Faransé ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, Paris nìkan la mọ̀ sí Faransé. Ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa nílé kò sọ ohun tó yàtọ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀ tí a jọ ń kàwé ló mú wa mọ Morvan, àgbègbè olókè kan ní Bourgogne. Òkè ibẹ̀ kì í ṣe òkè tí ń dẹ́rù bani: Haut-Folin tó ga jù nínú wọn kò ju mítà 901 lọ. Igbó ni, odò wẹ́wẹ́ ni, pápá tí màlúù funfun ti ń jẹko ni, abúlé tí ènìyàn lè ka ilé inú rẹ̀ tán kó tó mí lẹ́ẹ̀mejì ni. Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé ẹsẹ̀ ni wọ́n ní ká fi rìn ín. Ọkọ̀ wà, owó ọkọ̀ wà, síbẹ̀ wọ́n gbé ẹrù kọ́ ẹ̀yìn láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì pe ìyẹn ní ìsinmi.

Lónìí, àwa náà ti di ẹni tí ń pè é ní ìsinmi. Irun wa ti funfun, orúnkún wa ti ń ké, bàtà tí a sì ń wọ̀ rìn nínú igbó wọ́n ju èyí tí a ń wọ̀ lọ sóde ìyàwó lọ. Nígbà tí a bá pàdé, ọ̀rọ̀ a máa bọ́ sórí bí ọ̀nà yẹn ṣe rí nígbà náà, bó ṣe dákẹ́, bó ṣe mọ́, bí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ṣe lójú àánú. Mo máa ń gbọ́ ọ, mo máa ń dá sí i, mo sì máa ń fura sí i. Àgbàlagbà tó ń yin ìgbà èwe rẹ̀, ṣé ìgbà ló ń yìn ni, àbí orúnkún?

Nígbà náà, máàpù bébà la fi ń rìn, èyí tí IGN, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ya àwòrán ilẹ̀, ń tẹ̀ jáde, tí sẹ̀ǹtímítà kan lórí rẹ̀ dúró fún mítà 250. Bí òjò bá pa á, ojú ibi tí a ti ṣẹ́ ẹ po ni yóò kọ́kọ́ ya, ibi tí a ń lọ gan-an ni ojú ìṣẹ́po sì máa ń bọ́ sí. Ohun kejì tí a gbójú lé ni àmì: ìlà funfun lókè, ìlà pupa nísàlẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀dà kùn sára igi, sára òkúta, tàbí sára òpó iná. Bí ìlà méjèèjì bá dá dúró, máa lọ. Bí ọfà bá wà lábẹ́ rẹ̀, yà. Bí funfun àti pupa bá gba orí ara wọn kọjá bí àgbélébùú, o ti ṣìnà, padà sẹ́yìn. Nínú gbogbo ohun tí a kà lédè Faransé lọ́dún náà, kò sí èyí tó yé wa tó ìyẹn. Àmì tó bá ti pẹ́ kì í fẹ́ẹ̀ ṣeé rí mọ́: igi ń sanra, ọ̀dà kò lè bá a sanra, ìlà pupa a sán wẹ́wẹ́ pẹ̀lú èèpo, ewédò a gun orí funfun, ẹni tí kò bá fara balẹ̀ a sì kọjá lọ.

A máa ń ṣìnà dáadáa. Ìyẹn ni àwọn kan nínú wa ń pè ní adùn ìgbà náà báyìí. Èmi kò rántí adùn kankan. Ìjà ni mo rántí: ta ló gbé máàpù dání, ta ló ní ká yà sósì, ta ló dá jẹ búrẹ́dì tó kù.

Àwọn ọmọ wa kì í ṣìnà. Inú fóònù ni máàpù tiwọn wà. Àmì róbótó aláwọ̀ búlúù kan ń rìn lórí rẹ̀ bí àwọn náà ti ń rìn, bí wọ́n bá sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, áàpù á ké. Wọ́n mọ iye kìlómítà tí wọ́n ti rìn, wọ́n mọ iye tó kù, wọ́n tilẹ̀ mọ bí ọkàn wọn ṣe ń lù kìkì. Ẹ wá bi wọ́n lórúkọ abúlé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là kọjá, ẹ ó rí i pé fóònù ni wọn yóò tún yọ wò. Àwa mọ orúkọ abúlé nítorí pé ó di dandan ká kan ilẹ̀kùn níbẹ̀ ká béèrè ọ̀nà. Àwọn kò ní ohun tí wọ́n fẹ́ bi ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ká má purọ́ fún ara wa: kì í ṣe gbogbo ilẹ̀kùn tí a kàn nígbà náà ló ṣí. Àwọn mìíràn yọjú lójú fèrèsé, wọ́n rí àwọ̀ wa, wọ́n sì fa kọ́tìnnì. Fóònù kì í fa kọ́tìnnì.

GR 13, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà jíjìn tí wọ́n fi funfun àti pupa sàmì sí, ni ọ̀nà tí a máa ń gbà jù. Láti igbó Fontainebleau ló ti ń bọ̀, ó gba Vézelay, ó la Morvan já, ó sì parí sí Bourbon-Lancy. Ọdún 1947 ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, Jean Loiseau sì wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀. Lọ́dún náà gan-an ni wọ́n ṣí apá kìíní ọ̀nà GR 3 lẹ́bàá odò Loire. Ogun ti parí, ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì pẹ̀lú owó tí ìjọba ti fọwọ́ sí fún òṣìṣẹ́ láti 1936 wá di ohun tí ènìyàn lè jẹ ní ìrọ̀rùn, àwọn ọ̀dọ́ ìlú ńlá sì fẹ́ rí igbó. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wo àkókò náà láti òdìkejì òkun. Oṣù Igbe 1946 ni òfin tí wọ́n ń fi orúkọ Houphouët-Boigny pè fòpin sí iṣẹ́ tipátipá ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ Faransé, Dahomey, ilẹ̀ tí àwa ti wá, sì wà níbẹ̀. Kó tó di ìgbà náà, bí kòmáńdà, aláṣẹ òyìnbó, bá ní kí abúlé wá la ọ̀nà, abúlé á jáde. Bó bá ní kí wọ́n wá ru ẹrù, wọ́n á rù ú. Ọdún kan ṣoṣo ló wà láàárín ìgbà tí Faransé jáwọ́ nínú fífi ipá mú àwọn bàbá wa rìn àti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí kun igi lọ́dà kí àwọn ọmọ tirẹ̀ lè máa rìn fún ìgbádùn.

Ìdí nìyí tí fọ́tò àkọ́kọ́ tí a fi ránṣẹ́ sílé kò fi dùn mọ́ àwọn àgbà nínú. A dúró nínú igbó, a gbé àpò ńláńlá kọ́ ẹ̀yìn, a ń rẹ́rìn-ín. Ìyá ọ̀kan nínú wa ní kí wọ́n bá òun kọ̀wé padà: ta ló di ẹrù náà rù yín, kí lẹ sì ṣe fún un?

Irú fọ́tò yẹn kan náà ni àwọn ọmọ wa ń gbé sórí Instagram, àwọn ìbátan wọn ní Cotonou á sì fi ọkàn pupa sí i. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè ẹni tó di ẹrù. Mi ò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ tàbí kí n bínú.

Bí ìyá yẹn bá pàdé àwọn ará Morvan àtijọ́, wọn ì bá gbọ́ra wọn yé láìsí ògbufọ̀. Láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni Paris ti bẹ̀rẹ̀ sí fi igi Morvan dáná. Àwọn ọkùnrin á gé igi nínú òtútù, oníṣòwò á fi òòlù lu àmì tirẹ̀ sí ìdí igi kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì dà wọ́n sínú odò kéékèèké kí omi lè gbé wọn lọ. Ní Clamecy, lórí odò Yonne, àwọn tó dúró sínú omi á kó wọn jọ, wọ́n á yà wọ́n sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì ti wí, wọ́n á so wọ́n pọ̀ di pẹpẹ gígùn, wọ́n á sì wà á lọ sí Paris. Bí wọ́n bá já igi sílẹ̀ tán níbẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń bọ̀ wálé. Adágún Settons, tí gbogbo ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá ń ya ní fọ́tò, tó dàbí ohun tí Ọlọ́run fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́, ìdídò ni wọ́n fi ṣe é. Ọdún 1858 ni wọ́n parí rẹ̀, kí omi lè máa pọ̀ tó láti gbé igi ìdáná lọ fún àwọn ará Paris.

Àwọn tí kò bá omi lọ, wọ́n bá màlúù lọ. Ní Anost àti àyíká rẹ̀, ọkùnrin á da akọ màlúù rẹ̀ síwájú, á fi ìyàwó àti oko sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀, á lọ máa fa gẹdú nínú igbó onígbó. Àwọn obìnrin náà ní ìrìn tiwọn. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ á fi ọmọ tirẹ̀ sílẹ̀ sọ́wọ́ ìyá àgbà, á lọ sí Paris lọ fi ọyàn bọ́ ọmọ olówó. Owó tó bá mú bọ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ilé òkúta tó bójú mu, àwọn ará ibẹ̀ sì ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ilé wàrà. Àwọn tí kò lọ, ìjọba ń kó ọmọ tí kò lẹ́bí wá fún wọn láti Paris kí wọ́n máa tọ́ ọ fún owó táṣẹ́rẹ́. Jean Genet wà lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Alligny-en-Morvan ló dàgbà sí kó tó di ẹni tó kọ Les Nègres, eré tí àwọn òṣèré dúdú ṣe ní Paris ní 1959. Lójú ọ̀nà tí a ń rìn gbafẹ́ yìí, kò fẹ́ẹ̀ sí ẹni tó rìn ín rí tí kì bá ti jókòó bó bá ní owó.

Gbogbo rẹ̀ ti di ohun ìwòran. Ilé ìtọ́jú ohun àtijọ́ wà fún àwọn adamàlúù ní Anost, òmíràn wà fún àwọn alágbàtọ́ ní Alligny. Mo ti wọ méjèèjì, wọ́n ṣe é dáadáa, n kò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ilé wàrà náà wà síbẹ̀, a ti tún wọn kùn, ṣùgbọ́n ará Paris tàbí ará Họ́láńdì ló ni púpọ̀ nínú wọn, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni fèrèsé wọn ń ṣí. Nígbà èwe wa, abúlé kékeré ṣì máa ń ní ilé kọfí kan, níbi tí wọ́n ti ń ta sìgá, òǹtẹ̀ lẹ́tà, okùn àti ọtí lórí káúńtà kan ṣoṣo. Ní báyìí, ẹ̀rọ ńlá kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ìgbìmọ̀ ìlú. O fi káàdì kàn án, búrẹ́dì bọ́ sílẹ̀. Àwọn kan nínú wa ń sunkún ilé kọfí yẹn. Èmi rántí bí gbogbo ẹnu ṣe ń pa mọ́ nígbà tí a bá wọlé, tí a ń gbọ́ ìró ṣíbí tiwa nínú ife. Ẹ̀rọ kò wo ojú ẹni, kò sì kí ènìyàn. Ẹni tó bá sọ fún mi pé ọ̀kan sàn ju èkejì lọ, á ṣàlàyé fún mi dáadáa.

Igbó pàápàá tàn wá jẹ. A máa ń sọ pé igbó àtijọ́ ni, pé àwọn baba ńlá Faransé ló rìn nínú rẹ̀. Irọ́ funfun. Igbó Faransé lónìí tó ìlọ́po méjì ohun tó jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ó ti fẹ́ẹ̀ gba ìdá mẹ́ta ilẹ̀ wọn. Ibi tí ènìyàn ti kó kúrò ni igi ti hù. Bí ẹ bá wọ inú rẹ̀ jìnnà díẹ̀, ẹ ó rí ògiri òkúta kúkurú tó ń lọ láàárín igi láìní ohun tó ń ṣọ́: ààlà oko ẹnì kan ni, ẹni náà ló kó òkúta jọ, ẹni náà ló sì bínú lọ. Nígbà tó di 1946, ìjọba dá owó igbó sílẹ̀, wọ́n ń fi ran ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbin igi lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ fi óákù sílẹ̀, wọ́n gbin igi Douglas, tó ti etí òkun ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà wá, àti sípúrúsì, nítorí pé wọ́n ń yára dàgbà, wọ́n sì ń dúró ṣánṣán. Igi dúdú gíga tí a sinmi lábẹ́ rẹ̀ nígbà tí a wà ní akẹ́kọ̀ọ́, tí a ń sọ̀rọ̀ ayérayé, ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti àwọn ẹ̀gbọ́n wa lọ. Àjèjì ni òun náà.

Àwọn igi yẹn ti gbó tó títà báyìí. Ẹ̀rọ kan á wọ inú igbó, á fi apá irin di igi mú nídìí, á gé e, á fà á gba inú eyín rẹ̀, ẹ̀ka á já dànù, á gé e sí wẹ́wẹ́, á sì mú òmíràn kó tó di pé o rí ìgò omi rẹ yọ. Bó bá kúrò, òkè yóò wà lásán, ojú ẹsẹ̀ ẹ̀rọ yóò jìn débi tí omi á fi dúró sínú rẹ̀ títí di ẹ̀ẹ̀rùn. Igi tó gbé àmì funfun àti pupa bá wọn lọ sí ilé ìlagi. Láti ìgbà ọ̀dá 2018 ni kòkòrò kan tó ń gbé abẹ́ èèpo ti ń pa sípúrúsì lọ bẹẹrẹ, nítorí náà àwọn onígbó ń gé e kó tó di ìdọ̀tí. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń ta ko èyí, wọ́n ń ké pé kí wọ́n dá igbó padà sí bó ṣe wà. Àwọn ará ìlú mìíràn gbọ́n jù wọ́n lọ: wọ́n da owó jọ, wọ́n ń ra igbó óákù díẹ̀díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà gé e lẹ́ẹ̀kan náà. Èésú ni, àwa mọ èésú. Ṣùgbọ́n bó ṣe wà wo? Ti 1850, nígbà tí wọ́n ń gé e fún Paris láti dáná?

Ohun kan wà tí ìgbà náà fi pamọ́ fún wa. Clamecy tí mo sọ, ibẹ̀ la máa ń bọ́ sílẹ̀ nínú rélùwéè kí a tó wọ Morvan. A ra búrẹ́dì níbẹ̀, a wo ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, a kọjá. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa pé níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Jámánì ti yìnbọn pa ọmọ ogun Áfíríkà tó lé ní 40 ní oṣù Òkúdù 1940, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun tí wọ́n ti gba ohun ìjà lọ́wọ́ wọn. Ogun Faransé ni wọ́n wá jà. Nínú igbó Faransé ni wọ́n kú sí. Nínú oṣù yẹn kan náà ní 1944, wọ́n pa àwọn ọkùnrin Dun-les-Places ní àárín gbùngbùn Morvan, nítorí àwọn tó sá pamọ́ sínú igbó láti bá Jámánì jà. Ti Dun-les-Places, gbogbo ẹni tó gbà wá sílé ló sọ ọ́ fún wa. Ti Clamecy, àgbà la dà kí a tó gbọ́.

Ní báyìí, wọ́n ń gbé òdòdó sídìí òkúta ìrántí àwọn ará Áfíríkà yẹn, àwọn aláṣẹ sì ń sọ̀rọ̀. Ìgbà yìí sàn ju ìgbà wa lọ ní ti èyí, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn rẹ̀.

Ní ti àyè láti rìn, ìtàn náà kò tọ́ gbọọrọ. Káàkiri Faransé, láti àwọn ọdún 1950, wọ́n ń kó oko kéékèèké pọ̀ kí katakata lè ráyè yí, ọ̀nà tóóró àti ọgbà igi tó pààlà sì bá a lọ. Òfin gba ìlú láyè láti ta ọ̀nà oko tí ará ìlú kò bá lò mọ́. Ẹsẹ̀ ènìyàn nìkan ni ẹ̀rí tí ọ̀nà ní. Ní 1983, wọ́n gbé e lé àwọn ẹkùn lọ́wọ́ láti máa kọ orúkọ ọ̀nà ìrìn sílẹ̀ kí a má baà tà wọ́n mọ́ wa lójú. Ní oṣù Èrèlé 2023, òfin mìíràn jáde: ó ní kí olówó tó ń fi irin yí igbó ká má ṣe jẹ́ kó ga ju mítà 1.20 lọ, kó sì fi sẹ̀ǹtímítà 30 sílẹ̀ nísàlẹ̀ kí ẹranko lè ráyè kọjá. A fò sókè. Nígbà tí a kà á dé ìsàlẹ̀, a rí i pé òfin náà kan náà ló ní kí ènìyàn tó bá wọ igbó aládàáni tí a ti fi àmì sí máa san owó ìtanràn. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin igbó Faransé ló sì jẹ́ ti aládàáni. Ẹranko gba ẹ̀tọ́, ènìyàn gba tíkẹ́ẹ̀tì.

Láyé wa, a kì í béèrè ẹni tó ni igbó. A kàn ń kọjá ni. Ó yẹ kí n fi kún un pé ọlọ́dẹ náà kì í béèrè ẹni tó ń kọjá, ìró ìbọn la fi ń mọ̀ pé ìgbà ọdẹ ti dé. Ní báyìí wọ́n ń gbé pátákó sójú ọ̀nà.

Ní 2020, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn, láti oṣù Ẹrẹ́nà títí di oṣù Ẹ̀bìbì, ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má rìn ju wákàtí kan lọ, kó má sì jìnnà sílé ju kìlómítà kan lọ, kó sì mú ìwé dání. Àwọn akẹgbẹ́ wa Faransé ní irú èyí kò ṣẹlẹ̀ rí. Àwa wo ara wa. Nígbà tí wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn, gbogbo Paris rọ́ sínú igbó. Mo rí wọn lójú ọ̀nà, tàwọn ti bàtà ọ̀fíìsì, tí ẹ̀gún ń fà wọ́n láṣọ, tí eégbọn ń gun wọn lẹ́sẹ̀, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí àwa ti rẹ́rìn-ín. Nínú wọn, àwọn dúdú pọ̀ ju bí mo ṣe rí i rí lọ, ẹnikẹ́ni kò sì yíjú wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn tí ń kun àmì ni kò pọ̀ mọ́. Ọ̀nà tó ju kìlómítà 180,000 lọ ni ẹgbẹ́ àwọn arìnrìn-ẹsẹ̀ Faransé ń bójú tó, ọwọ́ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló sì wà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ arúgbó. Áàpù ń ṣiṣẹ́ láìsí ọ̀dà, nítorí náà àwọn ọ̀dọ́ kò rí ìdí tó fi yẹ kí ẹnikẹ́ni máa gbé bùrọ́ṣì kiri. Ọ̀rẹ́ wa kan, ọmọ Pọ́bẹ̀, tó fẹ̀yìn tì, fi orúkọ sílẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ bí a ṣe ń ha èèpo igi kí ọ̀dà lè mú, wọ́n fún un ní agolo ọ̀dà méjì àti apá kan nínú ọ̀nà náà pé kó máa tọ́jú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó pe ilé lórí WhatsApp, ó gbé bùrọ́ṣì sókè kí wọ́n lè rí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin béèrè iye tí Faransé ń san fún un. Ó ní ọ̀fẹ́ ni.

"Ọ̀fẹ́?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Bàbá wa náà la ọ̀nà fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Òun ò kúkú rẹ́rìn-ín sí i."